Kíkọ́ Kọ̀ǹpáílà GCC Láti Orísun, Kí Ó Bá Pírósẹ́sọ̀ Yín Mu

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpáílà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń wá nínú ohun méjì. Ṣé kọ̀ǹpáílà náà fúnra rẹ̀ ló fẹ́ kó yára, kí àkókò tó fi ń dúró dè é lè dín kù? Àbí àwọn prógírámù tí kọ̀ǹpáílà ọ̀hún yóò máa mú jáde ló fẹ́ kí wọ́n lo gbogbo agbára tó wà nínú pírósẹ́sọ̀ rẹ̀? Ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa wọ́n pọ̀: wọ́n á kọ -march=native, ìyẹn àṣẹ pé kí kọ̀ǹpáílà lo gbogbo ìtọ́ni tí pírósẹ́sọ̀ tó bá nílẹ̀ mọ̀, síbi gbogbo tó bá gbà á, wọ́n á fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa gbóná láti àárọ̀ di ọ̀sán, wọn ò sì ní lè sọ ohun tí wọ́n jèrè níbẹ̀. Gbogbo ìgbésẹ̀ inú orí yìí dá lórí yíya ohun méjì yìí sọ́tọ̀.

GCC la ó lò. Richard Stallman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀dà àkọ́kọ́ sì jáde ní 1987, nígbà tó jẹ́ pé èdè C nìkan ló gbọ́. Lónìí ó gbọ́ C++, Fortran, Ada, Go, D àti òmíràn, òun sì ni wọ́n fi ń kọ́ púpọ̀ nínú ohun tó wà lórí Linux. Iṣẹ́ kọ̀ǹpáílà ni láti gba ohun tí ènìyàn kọ, kó sọ ọ́ di ìtọ́ni tí pírósẹ́sọ̀ lè tẹ̀ lé. Prógírámù sì ni òun náà: ẹnikẹ́ni ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gba kóòdù rẹ̀, kó kọ́ ọ bó ṣe fẹ́. Mo gbà pé ẹ ti ń lo Linux, pé tẹ́míná kò ṣàjèjì sí yín, àti pé gcc kan ti wà lórí ẹ̀rọ yín tẹ́lẹ̀, nítorí kọ̀ǹpáílà la fi ń kọ́ kọ̀ǹpáílà.

Ẹ mọ pírósẹ́sọ̀ tí ẹ ní

Kọ̀ǹpáílà tó bá Ubuntu tàbí Debian wá, gbogbo ẹ̀rọ x86 tó jẹ́ 64-bit ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ìyẹn ni pé bí ẹ kò bá sọ fún un, kò ní lo ìtọ́ni kankan tí pírósẹ́sọ̀ AMD Opteron ọdún 2003 kò mọ̀. Láti ìgbà yẹn, Intel àti AMD ti fi ìtọ́ni púpọ̀ kún iṣẹ́ wọn. AVX dé ní 2011 pẹ̀lú Sandy Bridge. AVX2 dé ní 2013 pẹ̀lú Haswell. Pẹ̀lú AVX2, ìtọ́ni kan ṣoṣo lè ṣírò nọ́ńbà 32-bit mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán, ohùn tàbí ìṣirò ńlá lè rí ìyàtọ̀ náà kedere. Ẹni tó ń kọ prógírámù tó kàn ń ka fáìlì tó sì ń kọ fáìlì lè máà rí nǹkan kan.

Ní 2020, AMD, Intel, Red Hat àti SUSE jọ fẹnu kò lórí ọ̀nà kan láti pín àwọn pírósẹ́sọ̀ yìí sí ìpele. x86-64-v2 ní SSE4.2 àti POPCNT nínú. x86-64-v3 fi AVX2, FMA àti BMI kún un. x86-64-v4 fi AVX-512 kún un. GCC mọ àwọn orúkọ yìí láti ẹ̀dà 11. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìpele tí ẹ̀rọ yín wà, ẹ tẹ èyí:

/lib64/ld-linux-x86-64.so.2 --help

Ní ìsàlẹ̀ ohun tó máa kọ jáde, ẹ ó rí "supported" níwájú ìpele tí pírósẹ́sọ̀ yín tó. Glibc, ìyẹn láíbírì C tó wà lórí ẹ̀rọ yín, gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀dà 2.33 tàbí èyí tó tún jáde lẹ́yìn rẹ̀ kó tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Àṣẹ lscpu yóò to gbogbo agbára rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, èyí tó tẹ̀ lé e yìí yóò sì sọ orúkọ tí GCC fúnra rẹ̀ máa pè é:

gcc -march=native -Q --help=target | grep -E 'march=|mtune='

Ẹ kọ orúkọ yẹn síbì kan, a ó padà lò ó.

Èyí kan àwa tí a ń ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ gan-an. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, "fourth gen" tàbí "sixth gen" ni ẹni tó ń tà á yóò pè é. Fourth gen ti Intel Core ni Haswell, fifth gen ni Broadwell, sixth gen ni Skylake. Second gen ni Sandy Bridge, third gen ni Ivy Bridge, àwọn méjì yìí kò sì ní AVX2. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó wà lára sítíkà. Intel ta Pentium àti Celeron fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn Haswell láìfi AVX kankan sí wọn nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ẹbí Skylake ni àwọn kan nínú wọn. Ẹni tó bá fi -march=skylake kọ́ prógírámù fún irú Celeron bẹ́ẹ̀ nítorí pé "sixth gen ni", prógírámù náà yóò kú lójú ẹsẹ̀ tó bá kan ìtọ́ni AVX. Ohun tí lscpu bá sọ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí ẹ ó máa bá pàdé: -march àti -mtune. -march ń fún kọ̀ǹpáílà láṣẹ láti lo ìtọ́ni tí pírósẹ́sọ̀ àtijọ́ kò mọ̀. Ohun tó bá jáde lábẹ́ rẹ̀ lè máà ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mìíràn. -mtune kò fi ìtọ́ni tuntun kún un rárá; ó kàn ń to àwọn ìtọ́ni tó wà nílẹ̀ lọ́nà tó bá pírósẹ́sọ̀ kan lára mu jù, ohun tó bá sì jáde yóò ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Lórí x86, bí ẹ bá fi -march=haswell sí i, -mtune=haswell ti bá a dé nìyẹn.

Gbígba kóòdù wálẹ̀

Ẹ̀dà 14.2.0, tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ bá tẹ̀ yín lọ́rùn, ọ̀nà kan náà ni.

wget https://ftp.gnu.org/gnu/gcc/gcc-14.2.0/gcc-14.2.0.tar.xz
wget https://ftp.gnu.org/gnu/gcc/gcc-14.2.0/gcc-14.2.0.tar.xz.sig
tar xf gcc-14.2.0.tar.xz
cd gcc-14.2.0
./contrib/download_prerequisites

Fáìlì náà kò tó 100 mẹ́gábáìtì. Fáìlì kejì, èyí tó parí sí .sig, ni òǹtẹ̀ àwọn tó gbé ẹ̀dà náà jáde. Àṣẹ gpg --verify ni ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fo ibí yìí. Ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ yìí ló máa fọwọ́ kan gbogbo prógírámù tí ẹ bá kọ lẹ́yìn náà.

Àṣẹ ìkẹyìn yẹn ló ń lọ mú àwọn láíbírì tí GCC fi ń ṣírò nọ́ńbà wá, ìyẹn GMP, MPFR àti MPC, pẹ̀lú isl. Ó ń kó wọn sínú fódà GCC, kí wọ́n lè kọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo fara mọ́ ọ̀nà yìí ju kí ẹ lọ kọ́ GMP lọ́tọ̀, ìdí rẹ̀ sì bá kókó ọ̀rọ̀ wa mu. Bí ẹ bá dá GMP kọ́, òun fúnra rẹ̀ yóò wo pírósẹ́sọ̀ tó bá níwájú rẹ̀, yóò sì mú àwọn ìtọ́ni tó bá ìyẹn nìkan mu, láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ lè kọ́ GCC láìfi -march kankan sí i, síbẹ̀ kó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó dàgbà ju tiyín lọ, nítorí GMP tí ẹ so mọ́ ọn. Èyí tó wà nínú fódà GCC kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti pàṣẹ fún un pé kó jẹ́ ti gbogbogbòò.

Ẹ má kọ́ GCC nínú fódà tí kóòdù rẹ̀ wà. Ẹ dá fódà mìíràn:

mkdir ../kiko-gcc
cd ../kiko-gcc
../gcc-14.2.0/configure --prefix=/opt/gcc-14.2 --enable-languages=c,c++ --disable-multilib --enable-checking=release

--prefix ni ilé tí yóò máa gbé nígbà tó bá parí. Ẹ jẹ́ kó dá ní ilé tirẹ̀. Ẹ má ṣe fi rọ́pò gcc tó wà ní /usr, nítorí àwọn nǹkan mìíràn lórí ẹ̀rọ yín gbára lé ìyẹn. --enable-languages ń dín iṣẹ́ kù: kí ni ẹ fẹ́ fi Ada ṣe bí ẹ kò bá kọ ọ́? --disable-multilib ń sọ pé 64-bit nìkan la fẹ́. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, tí àwọn láíbírì 32-bit kò sì sí lórí ẹ̀rọ yín, configure yóò dúró, yóò sì ṣàròyé pé òun kò rí wọn.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, --enable-checking=release, kò já mọ́ nǹkan fún ẹ̀dà tó ti jáde bíi 14.2.0, torí bẹ́ẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba kóòdù tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lé lórí láti inú git, àyẹ̀wò inú lọ́hùn-ún ni wọ́n máa ń tàn sílẹ̀ níbẹ̀, kọ̀ǹpáílà náà yóò sì máa yẹ ara rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ó ń fà á sẹ́yìn gan-an. Ẹni tó bá ń lépa ìyára tí kò mọ èyí yóò fi òru kan gbáko kọ́ kọ̀ǹpáílà tó lọ́ra ju èyí tí apt fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìpele mẹ́ta

Bí ẹ bá tẹ make, GCC kò ní kọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó sinmi. Ìgbà mẹ́ta ni yóò kọ́ ọ, wọ́n sì ń pè é ní bootstrap. Alágbẹ̀dẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ni kí ẹ fi wé: ó yá òòlù aládùúgbò, ó fi rọ òòlù tirẹ̀, ó wá fi òòlù tirẹ̀ rọ òmíràn, nítorí kò mọ àbùkù tó wà lára èyí tó yá, ó sì tún fi èkejì rọ ẹ̀kẹta, kó lè fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gcc tó wà lórí ẹ̀rọ yín ló kọ́ ìpele kìíní. Ìpele kìíní kọ́ ìkejì, ìkejì kọ́ ìkẹta. Kóòdù kan náà ni ìkejì àti ìkẹta ti wá, nítorí náà àwọn fáìlì wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba pátápátá, báìtì sí báìtì. Make yóò fi wọ́n wéra. Bí wọn kò bá dọ́gba, yóò kọ "Bootstrap comparison failure!", yóò sì dúró.

Mo fẹ́ràn ìfiwéra yìí ju ohunkóhun lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Òun ni ẹ̀rí pé kọ̀ǹpáílà tí ẹ kọ́ lè kọ́ prógírámù tó tóbi, tó díjú, kí èsì rẹ̀ má sì yí padà. Kì í ṣe ẹ̀rí ohun gbogbo o. Ken Thompson, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Unix sílẹ̀, ṣàlàyé nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1984 lẹ́yìn tó gba ẹ̀bùn Turing, pé kọ̀ǹpáílà tí ènìyàn bá ti fi ọgbọ́n burúkú sí nínú lè gbé ọgbọ́n náà fún èyí tó kọ́, ìyẹn náà á tún gbé e fún èyí tó tẹ̀ lé e, kó má sì hàn nínú kóòdù rárá. Ìpele mẹ́ta kò lè rí irú ìyẹn.

Ibi tí ẹ ó ti sọ̀rọ̀ pírósẹ́sọ̀

Bí kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀ nìkan lẹ fẹ́ kó bá pírósẹ́sọ̀ yín mu, tí ẹ sì fẹ́ kí ohun tó ń mú jáde ṣì máa ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, ẹ fi èyí kún configure:

--with-build-config=bootstrap-native

Ìpele kejì àti ìkẹta yóò wá jẹ́ èyí tí a fi -march=native kọ́. Ọ̀nà àtijọ́, tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ni láti sọ ọ́ fún make: make BOOT_CFLAGS='-O2 -g -march=native'. Kí -O2 wà níbẹ̀ ní dandan, nítorí ohun tí ẹ bá kọ yóò rọ́pò èyí tó wà nílẹ̀ ni. Ẹ má sì fi -Ofast tàbí -ffast-math sí i. Àwọn yẹn ń fi ìpéye nọ́ńbà ṣe pàṣípààrọ̀ fún ìyára, kọ̀ǹpáílà tó bá sì ń ṣi ìṣirò ṣe kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Bí ó bá jẹ́ pé àwọn prógírámù tó ń mú jáde lẹ fẹ́ kí wọ́n máa bá pírósẹ́sọ̀ yín mu láìjẹ́ pé ẹ ń tẹ -march nígbà gbogbo, orúkọ tí ẹ kọ síbì kan lẹ́ẹ̀kan ni ẹ ó lò:

--with-arch=haswell

Níbí ni ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Ìpele kìíní náà ti di kọ̀ǹpáílà tó ń kọ Haswell bí a kò bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló sì kọ́ ìpele kejì. Nítorí náà --with-arch ń ṣe ohun méjèèjì pa pọ̀: kọ̀ǹpáílà náà, láíbírì C++ tó bá a rìn, ìyẹn libstdc++, àti gbogbo ohun tí ẹ bá fi kọ́, Haswell ni gbogbo wọn. Ẹ kò lè gbé e lọ sórí ẹ̀rọ Ivy Bridge. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ púpọ̀ tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba, --with-arch=x86-64-v2 ni mo máa gbà yín nímọ̀ràn, tàbí --with-tune nìkan, tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Ní tèmi, n kì í fi --with-arch sí kọ̀ǹpáílà tí mo bá máa fi kọ́ ohun tí ẹlòmíràn máa lò. Inú Makefile iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ -march sí, níbi tí ojú ti lè rí i. Àṣàyàn tó bá ti wọ inú kọ̀ǹpáílà kò hàn sí ẹnikẹ́ni mọ́. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ẹni kan á gba prógírámù lọ́wọ́ yín, yóò kú lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú "Illegal instruction", kò sì ní sí ohunkóhun nínú kóòdù tó máa fi ìdí rẹ̀ hàn.

FMA náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti Haswell wá, pírósẹ́sọ̀ lè ṣe ìsọdipúpọ̀ àti àròpọ̀ pa pọ̀ nínú ìtọ́ni kan, kó sì gé ìparí nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì. GCC yóò lò ó tó bá ti rí àyè. Èsì rẹ̀ sábà máa ń péye jù, ṣùgbọ́n kò ní dọ́gba mọ́ ní ìparí pẹ̀lú èyí tí ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe. Bí iṣẹ́ yín bá gba pé kí nọ́ńbà dọ́gba lórí gbogbo ẹ̀rọ, bóyá ìṣirò owó tàbí ìwádìí tí ẹlòmíràn máa tún ṣe, ẹ fi -ffp-contract=off sí i.

Fún prógírámù tí ẹ máa pín fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ kò nílò láti yan ẹ̀rọ kan rárá. Ẹ kọ èyí sókè iṣẹ́ inú kóòdù tó ń jẹ àkókò jù:

__attribute__((target_clones("avx2","default")))

GCC yóò kọ iṣẹ́ náà ní ẹ̀dà méjì, prógírámù yóò sì yan èyí tó bá pírósẹ́sọ̀ mu nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń mú kọ̀ǹpáílà yára ní ti gidi

Mo ní láti sọ èyí láìfi igbá kan bo ọ̀kan: -march=native kì í fi bẹ́ẹ̀ mú kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀ yára. Iṣẹ́ kọ̀ǹpáílà kì í ṣe ìṣirò nọ́ńbà mẹ́jọ mẹ́jọ. Ó ń lépa àdírẹ́sì láti ibì kan sí òmíràn nínú mẹ́mọ́rì, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè ní gbogbo ìgbà pé "ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" AVX2 kò rí ibi fọwọ́ sí níbẹ̀.

Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni kí ẹ jẹ́ kó mọ ọ̀nà tó ń gbà jù nínú kóòdù ara rẹ̀:

make -j4 profiledbootstrap

Níbí, ìpele kìíní yóò kọ́ kọ̀ǹpáílà kan tí a fi ohun èlò ìkàyè sí nínú. A ó fi kọ̀ǹpáílà yìí kọ́ GCC, bó sì ti ń ṣe é ni yóò máa ṣe àkọsílẹ̀ iye ìgbà tó gba ibi kọ̀ọ̀kan kọjá. Àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n máa fi kọ́ èyí tó gbẹ̀yìn: ibi tó ń gbà nígbà gbogbo á súnmọ́ ara wọn, èyí tí kì í gbà á kúrò lójú ọ̀nà. Ìwé àwọn tó ń ṣe GCC fúnra wọn sọ pé nígbà tí wọ́n dán an wò pẹ̀lú ẹ̀dà 3.3 lórí x86, nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n jèrè nínú kíkọ́ prógírámù C. Bí ẹ bá tún fi bootstrap-lto kún --with-build-config, kọ̀ǹpáílà yóò lè wo gbogbo fáìlì rẹ̀ pọ̀ bí ẹyọ kan ṣoṣo nígbà tó bá ń so wọ́n pọ̀. Gentoo, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2002, tí àwọn tó ń lò ó sì máa ń kọ́ ohun gbogbo láti orísun, ní bọ́tìnì fún méjèèjì, pgo àti lto, lórí GCC tiwọn.

Profiledbootstrap kì í ṣe ìfiwéra ìpele kejì àti ìkẹta tí mo ń yìn lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ tuntun lọ́wọ́ yín, ẹ ṣe bootstrap lásán ná. Bó bá yege, kí ẹ wá ṣe ti àkọsílẹ̀.

RAM, iná, àti sùúrù

Nọ́ńbà tó wà níwájú -j ni iye iṣẹ́ tí make máa ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé púpọ̀ máa ń sọ pé kí ẹ fi iye kọ́ọ̀ síbẹ̀. RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn fáìlì C++ kan nínú GCC tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba gígábáìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, LTO sì tún ń béèrè sí i. Bí RAM bá jẹ́ 8 gígábáìtì, ẹ má ju -j4 lọ. Bó bá jẹ́ 4, -j2 ti tó. Bí ẹ bá rí "Killed signal terminated program cc1plus", kì í ṣe GCC ló bàjẹ́. Linux ló pa á nítorí RAM ti tán. Ẹ dín nọ́ńbà kù, kí ẹ tẹ make lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ti dísíìkì, ẹ ya 15 gígábáìtì sọ́tọ̀.

Lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ní kọ́ọ̀ mẹ́rin, bootstrap lè gba wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, profiledbootstrap á sì tún pẹ́ sí i. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ìyẹn ju ohun tí bátìrì tòkunbọ̀ lè gbé lọ. Ẹ má bẹ̀rù: make mọ ibi tó dé. Bí iná bá dé, ẹ padà sínú fódà kiko-gcc, ẹ tẹ àṣẹ kan náà, yóò máa bá iṣẹ́ lọ láti ibẹ̀. Ẹ má tún configure ṣe. Ohun kan péré ló máa ń ṣẹlẹ̀ tí iná bá lọ lójijì: fáìlì tí make ń kọ lọ́wọ́ lè di ààbọ̀. Make yóò rò pé ó ti parí, àṣìṣe á wá jáde níwájú pé "file not recognized: file truncated". Orúkọ fáìlì náà wà lórí ìlà kan náà. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tẹ make. Ẹ kó gbogbo ohun tó ń kọ jáde sínú fáìlì kan pẹ̀lú, kí ẹ lè rí àṣìṣe àkọ́kọ́, nítorí àṣìṣe àkọ́kọ́ ló ń sọ òtítọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e kàn ń sunkún tirẹ̀ ni:

make -j4 2>&1 | tee kiko.log

"Bootstrap comparison failure!" ni àṣìṣe tó lágbára jù. Bí ẹ bá rí i, ẹ yọ gbogbo àṣàyàn pàtàkì kúrò ná, títí kan BOOT_CFLAGS, ẹ pa fódà kiko-gcc rẹ́, kí ẹ tún un ṣe. Bó bá yege lọ́tẹ̀ yìí, àṣàyàn yín ló fà á. Bí kò bá yege síbẹ̀, tó sì jẹ́ pé fáìlì mìíràn ló yàtọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ yẹ RAM wò pẹ̀lú memtest86+, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ̀rọ ń gbóná jù. Bootstrap GCC ń mú kí RAM tó ti ń kú lọ jẹ́wọ́ kíá, torí ó ń lo gbogbo rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, ó sì ń béèrè báìtì tó dọ́gba.

Fífi í sílé, àti wíwọ̀n ọ́n

sudo make install
/opt/gcc-14.2/bin/g++ -O2 -march=native idanwo.cpp -o idanwo -Wl,-rpath,/opt/gcc-14.2/lib64

Ẹ má fo -Wl,-rpath. Láìsí i, prógírámù C++ tí ẹ bá kọ́ yóò lọ bá libstdc++ àtijọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ yín, ẹ ó sì rí àṣìṣe bíi "version `GLIBCXX_3.4.33' not found". Kò sí ohun tó bàjẹ́. Láíbírì tó bá a mu ni kò rí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wàhálà náà tó bẹ́ẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe tọ́. Ẹ má fi GCC 14 tí ẹ kọ́ wé GCC 11 tó bá Ubuntu wá. Iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ń ṣe kò dọ́gba. GCC 14.2 lásán àti GCC 14.2 pẹ̀lú àṣàyàn yín ni kí ẹ fi wéra, nínú ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ /opt. Ẹ mú fáìlì C++ ńlá kan, ẹ fi -E sọ ọ́ di ẹyọ kan kí méjèèjì lè ka ọ̀rọ̀ kan náà, kí ẹ wá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:

perf stat -r 10 /opt/gcc-14.2/bin/g++ -O2 -c idanwo.ii -o idanwo.o

Perf yóò sọ àkókò rẹ̀ àti bó ṣe ń yàtọ̀ láti ìgbà kan sí òmíràn. Bí ìyàtọ̀ àárín kọ̀ǹpáílà méjèèjì kò bá ju ìyàtọ̀ inú ọ̀kan ṣoṣo lọ, ẹ kò tíì jèrè nǹkan kan.

Lórí Raspberry Pi àti àwọn ẹ̀rọ ARM 64-bit mìíràn, gbogbo ìgbésẹ̀ yìí kan náà ni, àyàfi pé -mcpu ni ẹ ó máa lò níbi tí x86 ti ń lo -march. Cortex-A72 ló wà nínú Raspberry Pi 4, Cortex-A76 sì wà nínú Raspberry Pi 5; fún Raspberry Pi 4, --with-cpu=cortex-a72 ni ẹ ó sọ fún configure. Bí RAM wọn bá kéré, -j2 ni kí ẹ lò, kí ẹ sì wá nǹkan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára.

Bí ẹ bá gbàgbé àṣàyàn tí ẹ fi kọ́ ọ, ẹ bi í:

/opt/gcc-14.2/bin/gcc -v

Lábẹ́ "Configured with:" ni yóò ti ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì lè fi ìlà kan náà kọ́ ẹ̀dà tó bá tún jáde. Ẹ̀dà púpọ̀ lè máa gbé pọ̀ lábẹ́ /opt láìdí ara wọn lọ́wọ́. Ẹ fi àwọn prógírámù tí ẹ fi ẹ̀dà tuntun kọ́ ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó pa fódà ti àtijọ́ rẹ́, nítorí ohunkóhun tí ẹ bá fi -rpath so mọ́ lib64 rẹ̀ ṣì ń wá a níbẹ̀.